Ìyá Ọkọ Mi àti Koríko Ẹṣin

Oṣù tí òjò kọ́kọ́ rọ̀ ni ọkọ mi lọ. Àwọn òyìnbó ń la ojú irin lọ sí òkè Ọya nígbà náà, wọ́n sì ń wá ọkùnrin tó lágbára tí yóò bá wọn ru igi, tí yóò bá wọn ru irin. Ó di aṣọ méjì sínú àpò, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó wá dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá wa. Ó ní, "Mi ò ní í pẹ́. Bá mi tọ́jú Ìyá, má sì jẹ́ kí àwọn àgùntàn yẹn run." Mo ní kó lọ ire, kó bọ̀ ire. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi yà sí ọ̀nà Ọjà'ba, mo wá padà wọlé lọ gbá ilẹ̀ tí mo ti gbá tẹ́lẹ̀.

Ọdún kejì tí mo délé ọkọ nìyẹn. Ọmọ kan ṣoṣo tí a bí kò lò ju oṣù mẹ́ta lọ láyé, ọ̀já tí mo fi ń pọ̀n ọ́n ṣì wà nínú igbá aṣọ mi. Agbo ilé wa wà ní ìsàlẹ̀ Bẹẹrẹ, èrò inú rẹ̀ kò lóǹkà, síbẹ̀ mi ò rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Àwọn ìyàwó ilé a máa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án, wọn a máa sọ̀rọ̀ ikọ́ ọmọ, eyín ọmọ, àti ohun tí ọkọ wí lánàá. Bí mo bá dé, wọn á sún fún mi kí n jókòó, ọ̀rọ̀ á sì dá. Wọn ò mọ ohun tí wọn yóò sọ tí kò ní í dùn mí. Nígbà tó yá, mo jẹ́ kí wọ́n sinmi, mi ò lọ síbẹ̀ mọ́.

Yàrá ìyá ọkọ mi ló kángun sí tèmi. Obìnrin gíga ni, ó dúdú, kì í fi ìrun falẹ̀, kì í sì í sọ̀rọ̀. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, á ní, "Ṣé dáadáa lo jí, ìyàwó?" Ó parí nìyẹn di ọjọ́ kejì. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju èyí tí wọ́n sọ sí mi létí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: pé ogun ló kó o wá sí Ìbàdàn ní kékeré, pé bàbá ọkọ mi ló fi í ṣe aya lẹ́yìn náà, àti pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mẹ́nu bà á. Mo rò pé kò fẹ́ràn mi. Ó sì lè jẹ́ pé ohun tí òun náà rò nípa mi nìyẹn.

Àgùntàn mẹ́rin ni ọkọ mi fi sílẹ̀, abo mẹ́ta, àgbò kan. Láyé ìgbà náà, kò sí ẹni tó ń bọ́ àgùntàn ní tòótọ́. A kàn ń ṣílẹ̀kùn fún wọn láàárọ̀ ni. Wọn á gba ojúde lọ sí Ọjà'ba, wọn á jẹ ewé tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀kọ, wọn á jẹ èèpo iṣu, wọn á jí àgbàdo ẹni tí kò bá ṣọ́ra. Nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, wọn á mọ̀nà wálé. Gbogbo ìlú ló ń bá wa bọ́ wọn, kò sì sí ẹni tó mọ bí ohun tí wọ́n ń jẹ ti pọ̀ tó, tàbí omi tí wọ́n ń mu.

Ọdún tó tẹ̀lé lílọ ọkọ mi ni àwọn wolé-wolé dé àdúgbò wa. Ọkùnrin méjì ni wọ́n, wọ́n wọ káákì, wọ́n ń yẹ inú àmù wò, wọ́n ń yẹ ẹ̀yìnkùlé wò. Wọ́n ní ìdọ̀tí ẹran ti pọ̀ jù láàárín ìlú, pé ẹran tí àwọn bá tún rí níta, àwọn yóò fà á lọ sínú ọgbà kan tí wọ́n ṣe sí ẹsẹ̀ Òkè Màpó. Àwọn èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ tí yóò kọjá lọ ni. Kò kọjá. Nígbà tí wọ́n kó ewúrẹ́ ilé kejì wa lọ lójú wa, àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹran wọn fún alápatà, àwọn mìíràn pa tiwọn jẹ. Kó tó tó oṣù kan, ẹ̀yìnkùlé tí ariwo ẹran kì í jẹ́ ká gbọ́ ara wa ti pa lọ́lọ́.

Baálé pè mí. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi ni, àgbàlagbà tí kì í le mọ́ni. Ó ní, "Ìyàwó, ta àwọn ẹran yẹn. Ẹran tí a bá so mọ́lẹ̀, èèyàn ni yóò máa ṣe ẹsẹ̀ fún un. Ìwọ nìkan kò lè ṣe é."

Mo ní, "Baba, ọkọ mi ló ní kí n má jẹ́ kí wọ́n run."

"Ọkọ rẹ kò mọ̀ pé òfin yìí ń bọ̀."

Mo tẹ orí ba. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé kì í ṣe nítorí ọkọ mi. Bí mo bá ti jáde sí ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á yí orí sí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ohun ẹlẹ́mìí mìíràn nínú ilé yẹn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi. Mi ò lè sọ ìyẹn fún Baálé.

Mo kan èèkàn mẹ́rin mọ́lẹ̀ lábẹ́ ìbòrí koríko tó wà lẹ́yìn yàrá wa, mo so wọ́n. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹsẹ̀ fún wọn. Ní òwúrọ̀, màá mú àdá, màá gba ọ̀nà Yemẹtù lọ kọjá ibi tí ilé parí sí, màá gé koríko eéran, màá dì í, màá rù ú bọ̀. Oòrùn á ti kan àtàrí kí n tó délé. Màá tú u dà sílẹ̀ níwájú wọn. Màá tún gbé ìkòkò lọ sí odò Kúdẹ̀tì fún omi tí wọn yóò mu. Wọn á jẹ orí koríko, wọn á tẹ ìyókù mọ́lẹ̀, wọn á tọ̀ sí i, wọn á sùn lé e. Wọn á fi ẹsẹ̀ ta igbá omi dànù. Ní ọjọ́ kejì, màá gbá gbogbo rẹ̀ lọ sí ààtàn, màá tún mú àdá.

Nígbà òjò, ó ṣeé fara dà. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, koríko sá fún mi. Ibi tí mo ti ń gé e ń jìnnà sí i lójoojúmọ́, ohun tí mo sì ń rí kò ju èyí tó gbẹ bí ìgbálẹ̀ lọ. Kúdẹ̀tì fà, a ń tò láti pọn omi ẹlẹ́rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í yọ egungun. Ọ̀kan nínú àwọn abo bí oyún rẹ̀ láìpé ọjọ́. Ọmọ méjì ni, wọn ò ní irun lára. Mo gbẹ́ ilẹ̀, mo sin wọ́n. Mo wá jókòó lórí ìdì koríko tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, mo sunkún. Mo ti ń fẹ́ sun ẹkún yẹn láti ọjọ́ pípẹ́, mi ò sì mọ èyí tó jẹ́ ti àgùntàn nínú rẹ̀ àti èyí tó jẹ́ ti ọmọ mi.

Nígbà tí mo gbójú sókè, ìyá ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Mi ò mọ ìgbà tó ti dé ibẹ̀. Ó rìn wá, ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa ẹ̀kúnwọ́ kan nínú koríko tí àwọn ẹran ti tẹ̀, ó gbé e sí imú, ó sọ ọ́ nù.

Ó ní, "Ìyàwó, ilẹ̀ lò ń bọ́. Kì í ṣe ẹran."

Mo nu ojú mi. Mo ní, "Kí ni kí n ṣe, Ìyá?"

Ó wọlé, ó mú okùn jáde. Ó di koríko náà ní ìwọ̀nba, ìdì kéékèèké, ó fún ọrùn rẹ̀ pọ̀, ó sì so ó rọ̀ sára igi ìbòrí, níbi tí ẹran yóò ti na ọrùn díẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ tó kàn án. Ó so mẹ́rin. Ọwọ́ rẹ̀ kò wá ibi tí yóò gbà. Mo rí i pé ọwọ́ yẹn ti ṣe iṣẹ́ náà lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn àgùntàn bẹ̀rẹ̀ sí í fa koríko náà díẹ̀díẹ̀, èyí tó bá bọ́ sílẹ̀ kò tó nǹkan. Ní ọjọ́ kejì, mo rí i pé ohun tí mo gbá kò kún igbá. Koríko tí mo gé lánàá ṣì kù.

Báyìí ni ìyá ọkọ mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹran nìkan ni ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sì pọ̀. Ó ní kí n gbẹ́ ilẹ̀, kí n ri ìkòkò omi mọ́lẹ̀ dé ọrùn kí wọ́n má baà ta á dànù. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ìrìn àjò odò méjì di ẹyọ kan. Ó gbé agbada amọ̀ kan sí ibi tó ti ń ṣe àlùwàlá, kí omi tó bá ń dà láti ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lè máa kó jọ síbẹ̀. Nígbà márùn-ún lójúmọ́, omi yẹn kì í ṣe kékeré. Ìyàwó kan nínú ilé rí i, ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ìyá ọkọ mi rán mi sí àáfà wa ní mọ́ṣáláṣí, àáfà ní òun kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń dúró tì í nígbà tó bá ń ṣe àlùwàlá, tí mo ń wo omi bó ṣe ń kán láti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sínú agbada. A kì í sọ nǹkan. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ ibi kan tí mo ní láti wà ní àkókò kan, kò sì sí ibòmíràn tó rí bẹ́ẹ̀ fún mi.

Ẹ̀yìn ilé wa ni obìnrin kan ti ń ṣe ẹ̀kọ tà. Ní gbogbo ọjọ́ tó bá sẹ́ ògì, ó ń da èèrí rẹ̀ sí ojú àgbàrá. Ìyá ọkọ mi ní kí n lọ tọrọ rẹ̀. Obìnrin náà wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, ó ní kí n máa kó o. Èèpo iṣu àti èèpo ẹ̀gẹ́ ilé, tí wọ́n ti ń kó dà sí ààtàn láti ìgbà tí ẹran ti tán nílé, mo ń ṣa á, mo ń sá a sórí àpáta títí á fi gbẹ tí á máa dún wóró. Ìyá ọkọ mi ni kò jẹ́ kí n fún wọn ní èèpo ẹ̀gẹ́ tútù. Ó ní inú wọn á wú.

Nígbà tí òjò padà, tí koríko hù níbi gbogbo, mo rò pé mo ti bọ́. Òun ni kò jẹ́ kí n sinmi. Ó ní, "Ìsinsìnyí gan-an ni kí o gé e, kó tó yọ òdòdó. Bó bá ti yọ òdòdó, igi ló dà." A gé e, a sá a sí abẹ́ ìbòrí níbi tí oòrùn kò ti ní í jó o, a ń yí i lójoojúmọ́. Bó bá gbẹ tán, tó ṣì ní àwọ̀ ewé lára, a ó dì í, a ó gbé e sí àjà. Àwọn ará ilé fi wá ṣe ẹ̀fẹ̀ pé a ń yan koríko bí ẹni yan ẹja. Òun kò tilẹ̀ yíjú. Gbogbo òjò yẹn la fi kún àjà náà. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, mi ò dé Yemẹtù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn ẹran kò sì yọ egungun.

Ìgbẹ́ wọn náà, kò jẹ́ kí n dà á nù mọ́. Ọkùnrin kan ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ sí etí Kúdẹ̀tì. Ìyá ọkọ mi ní kí n máa po ìgbẹ́ náà mọ́ eérú, kí n máa gbé e fún un. Nígbà tí ọkùnrin náà rí bí ẹ̀fọ́ rẹ̀ ṣe gbòòrò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi ní gbogbo igi ẹ̀fọ́ àti ewé ẹ̀wà tó máa ń dáná sun tẹ́lẹ̀. Mo ń gbé ìgbẹ́ lọ, mo ń gbé ewé bọ̀. Àwọn wolé-wolé tún wá, wọ́n yẹ ẹ̀yìnkùlé wa wò, wọn ò rí ohun tí wọn yóò bá wa wí sí. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé ta ló kọ́ mi. Mo ní ìyá ọkọ mi ni. Ó kọjá lọ, kò bi mí ní nǹkan mìíràn.

Ìgbà yẹn ni ó tó wá sí mi lọ́kàn pé èmi náà kò tíì bi í rí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, a jókòó, a ń lọ́ okùn. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti mọ nǹkan wọ̀nyí?"

Ó fa okùn ọwọ́ rẹ̀ le. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Ẹṣin ni mo fi kọ́ ọ."

Ó wá sọ ọ́ fún mi, kò gbójú kúrò lára okùn ọwọ́ rẹ̀. Ó ní ìgbà tí wọ́n kó òun, ìkòkò omi tó kéré jù nínú ilé ìyá òun ni òun lè rù. Ọlọ́gun kan ni wọ́n pín òun fún, ó sì fi òun sọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin bíi mẹ́fà ló ń gé koríko. Ẹ̀rú àgbà kan, ará òkè Ọya, ló kọ́ wọn bí a ṣe ń so koríko rọ̀, bí a ṣe ń sá a gbẹ, bí a ṣe ń mọ iye tó yẹ kí ẹṣin kan jẹ. Wọ́n kó gbogbo wọn lọ sí ibùdó ogun, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀ títí òun fi yọ ọmú.

"Ẹṣin tí wọ́n fún mi láti tọ́jú, pupa ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan funfun. Bí mo bá sùn, ẹ̀bá rẹ̀ ni mo ń sùn sí, kò tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wa fẹ́ ẹṣin sí i. Bó bá ti rí tuntun, á mú un wá. Bàbá ará òkè Ọya yẹn sọ fún un pé koríko ibùdó kò gba ẹṣin tó tó báyẹn. Wọ́n nà án. A gé koríko tó wà nítòsí tán, a ń lọ jìnnà. Méjì nínú wa lọ gé koríko, wọn ò padà wá. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, àwọn ẹṣin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú. Èyí tó jẹ́ tèmi wà lára àwọn tó kẹ́yìn. Mo lọ sọ fún wọn pé kò lè dìde mọ́. Wọ́n ní kí n kúrò níbẹ̀."

Ó lọ́ okùn náà síwájú díẹ̀.

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá. Ẹ ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí?"

Ó ní, "Ẹnikẹ́ni ò bi mí."

Ọjọ́ yẹn ló sọ orúkọ tí ìyá tó bí i lọ́mọ sọ ọ́ fún mi, àti orúkọ ìlú tí wọ́n ti kó o. Mi ò ní í kọ ọ́ síbí. Kò fún mi pé kí n fún ẹlòmíràn.

Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka ìwé yìí rò pé láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún kẹta, àwọn àgùntàn ti di mẹ́sàn-án. Kí ọyẹ́ tó dé, ìyá ọkọ mi gun àkàbà, ó wo àjà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí n ta mẹ́rin.

Mo ní, "Èwo nínú wọn, Ìyá?"

"Àgbò méjì, ìyá àgbà tí eyín rẹ̀ ti ń yọ, àti èyí tó ń tiro."

"Èyí tó ń tiro ló máa ń tẹ̀lé mi."

"Mo mọ̀. Ẹnu tí koríko rẹ tó ni kí o so, ìyàwó."

Mo ní ó dáa, mi ò sì tà wọ́n. Mo ń sún un síwájú lójoojúmọ́. Mi ò fẹ́ kí ojú kan ṣoṣo dín nínú àwọn ojú tó ń yí sí mi láàárọ̀. Ó mọ̀, kò tún sọ ọ́ mọ́. Ọyẹ́ ọdún náà le, ó sì pẹ́. Koríko àjà tán nígbà tí òjò ṣì jìnnà. Obìnrin ẹlẹ́kọ ṣàìsàn, kò sí èèrí. Mo ń pín ìwọ̀nba tí mo rí sí ẹnu mẹ́sàn-án, kò sì tó ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ọmú àwọn abo gbẹ, ọmọ méjì kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tó ń tiro ni kẹta tó kú. Mo bá a níbi tó na ọrùn sí, lábẹ́ okùn tí kò sí koríko lórí rẹ̀.

Ìyá ọkọ mi bá mi wú ilẹ̀. Mo ń retí pé kó sọ pé òun ti wí, kò wí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a ṣe tán, ó bu omi sí mi lọ́wọ́, ó ní, "Lọ jẹun." Inú rere yẹn dùn mí ju ìbáwí lọ. Láti ọdún náà, kí ewé tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, mo ti ń gun àkàbà fúnra mi, mo ti ń ka ìdì koríko, mo sì ń fa ẹran tí koríko náà kò bá ní í tó lọ sọ́dọ̀ alápatà. Mo máa ń sunkún lọ, mo máa ń sunkún bọ̀. Ṣùgbọ́n ebi kò pa èyí tó kù mọ́.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, ọkùnrin ará Ìdí Arẹrẹ kan wá sílé wa. Ó ti bá ọkọ mi ṣiṣẹ́ lójú irin, irin sì ti já lé e lẹ́sẹ̀, ìyẹn ló fi padà wálé. Ìyá ọkọ mi ní kó jókòó, mo bu omi fún un. Ó gbé aṣọ kan jáde láti inú àpò, ó ní, "Ọmọ yín ló fi rán mi. Ara rẹ̀ le, ó kí yín."

Ìyá ọkọ mi ní, "Ìgbà wo ló ń bọ̀?"

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. "Ìyá, ó ti ní ilé síbẹ̀."

"Ilé báwo?"

"Ìyàwó wà níbẹ̀, ọmọ méjì wà níbẹ̀. Ó ní kí ẹ bá òun bẹ èyí tó wà nílé, kó má fi ojú sọ́nà mọ́."

Èmi náà wà níbẹ̀, igbá omi wà lọ́wọ́ mi. Mo kí i pé ó kú iṣẹ́ tó jẹ́, mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Kì í ṣe àkókò tí mo ń fún àwọn ẹran ní koríko, síbẹ̀ mo bẹ̀rẹ̀ sí í dì í, mo ń so ó rọ̀. Mo ti so ju bó ṣe yẹ lọ kí n tó gbọ́ ẹsẹ̀ ìyá ọkọ mi lẹ́yìn mi.

Ó ní, "Ọmọ mi ni. Mi ò lè bú u lójú rẹ."

"Mi ò ní kí ẹ bú u, Ìyá."

Ó tú méjì nínú àwọn ìdì tí mo so jù, ó kó wọn padà. Ó ní, "Bí o bá fẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ, mi ò ní í dì ọ́ mú. Bí o bá fẹ́ dúró, koríko ṣì wà lájà."

Mo dúró. Mi ò mọ̀ títí di òní bóyá nítorí rẹ̀ ni, tàbí nítorí pé mi ò mọ ẹni tí màá bá nílé wa. Ọdún méjì la tún jọ lò. A ń ṣiṣẹ́ wa, a ń jẹun nínú àwo kan. Ọ̀rọ̀ tí a ń sọ kò pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìdákẹ́ náà kò rí bákan náà mọ́.

Ikọ́ ló mú un ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, kò sì lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Wọ́n ránṣẹ́ sí ọkọ mi láti ọwọ́ àwọn oníṣòwò tó ń gòkè lọ, a ò rí èsì. Àwọn àáfà wá, wọ́n ṣe ohun tó yẹ. Ní ọjọ́ kẹjọ, wọ́n pa àgbò méjì nínú ẹran wa fún sàráà, èrò sì kún ojúde. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe àdúrà fún un, àáfà àgbà béèrè pé ọmọ ta ni, ará ibo ni. Àwọn ọkùnrin ilé wo ara wọn. Baálé ní, "Ará ilé wa ni." Wọ́n ṣe àdúrà lọ bẹ́ẹ̀. Mo jókòó láàárín àwọn obìnrin, orúkọ náà wà ní ẹnu mi. Wọn ò bi mí, èmi náà ò sì sọ.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, mo kúnlẹ̀ fún Baálé, mo ní mo fẹ́ máa lọ. Ó súre fún mi, ó ní kí n mú abo méjì nínú àwọn àgùntàn náà. Mo fà wọ́n gba Ọjà'ba kọjá lọ́jọ́ tí ọjà kò pọ̀, mo dé ilé bàbá mi ní Ọ̀rányàn. Bàbá mi ti kú, ìyá mi ti kú, àwọn àbúrò mi ti lọ sílé ọkọ. Yàrá kan ni wọ́n fún mi ní ìgbẹ̀yìn ilé, ó ní ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀. Mo kan èèkàn méjì, mo ri ìkòkò mọ́lẹ̀ dé ọrùn, mo so koríko rọ̀. Mo ti wà níbẹ̀ láti ìgbà náà. Wọ́n wá mi lọ́kọ lẹ́ẹ̀mejì, mi ò gbà. Ibẹ̀ náà ni mo darúgbó sí, títí ọmọ àbúrò mi tó ń lọ sílé ìwé fi kọ́ mi bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn kẹrin tí mo lò níbẹ̀, obìnrin kan láti agbo ilé tó dojú kọ tiwa wá kí mi. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Àgùntàn tèmi ti rù kan egungun. Tiyín ń dán. Kí lẹ ń fún wọn?"

Mo ní kó wọlé. Mo fi okùn hàn án, mo fi àjà hàn án, mo ní kó lọ wá ẹni tó ń ṣe ẹ̀kọ. Ó padà wá ní ọjọ́ kejì pé ìdì òun ń tú. Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń fún ọrùn rẹ̀ pọ̀. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ló fi ń wá. Á gbé ìjókòó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, á máa bi mí ní ọ̀rọ̀, a ó máa lọ́ okùn títí oòrùn á fi yí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í se oúnjẹ tó lè tó èèyàn méjì. Nígbà òjò, a jọ gé koríko, mo fi bí a ṣe ń mọ̀ pé ó ti gbẹ tó hàn án. Ọmọ ọlọ́gbọ́n ni, kì í béèrè ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ọyẹ́ tún dé, àjà rẹ̀ ti kún, ó ti ta àwọn tó yẹ kó tà, àgùntàn tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ń dán bíi tèmi.

Ó mọ̀ ọ́n tán, kò sì ní ohun tí ì bá tún wá bi mí mọ́. Bí a bá pàdé lójúde, á kúnlẹ̀ kí mi, á ní, "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹran yín ńkọ́?" Màá ní wọ́n wà. Á kọjá lọ sí ọjà, èmi náà á wọlé lọ sí ẹ̀yìnkùlé mi.